Háàdì Tí Tíṣà Látúnjí Fi Àdín Pa

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú? Ẹ dákẹ́, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò pé ilé ìwòsàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Yàrá Tíṣà Látúnjí ní Òkè-Ìgbín ló ti bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì dá a sílẹ̀.

Tíṣà yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń ti agboolé dé agboolé, tó ń gba oríkì ìlú sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó, tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, pé òun yóò fi ṣe ìwé. Agboolé mẹ́tàlélógójì. Àwọn arúgbó náà ń kú tẹ̀lé ara wọn, títí ó fi ku Màmá Àṣàbí nìkan. Gbogbo iṣẹ́ yìí, inú háàdì kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ inú kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ohun tí a bá kọ. Kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbì kankan. Wọ́n ní kí ló dé, ó ní àwọn tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ pọ̀ nígboro. Olè wo ló fẹ́ wá jí oríkì Ilé Ẹlẹ́kọ, ẹ bá mi bi í.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí háàdì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Kí ó tó ṣí ojú ìwé kan, èèyàn lè lọ pọn omi kó sì dé. Tíṣà pe Mosúnmọ́lá lórí fóònù, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọjà. Ìyẹn gbọ́ ìró náà.

“Bàbá, ẹ pa á, ẹ má tàn án mọ́. Ó ń ṣàìsàn ni, kò tíì kú. Ẹ gbé e wá, kí n tètè da ohun inú rẹ̀ sórí òmíràn.”

Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn tó mọ́ bí omi. Tíṣà ní ṣé ọmọ tí òun kọ́ ní á-bí-dí ni yóò wá máa kọ́ òun lọ́gbọ́n? Ó ti rò ó lọ́kàn pé ọmọ náà fẹ́ jí oríkì òun.

Ó bá di dókítà fúnra rẹ̀. Ó ní ooru ló ń mú un. Ó yọ háàdì, ó fi ọ̀rá wé e, ó tì í sáàárín ẹja ṣàwá nínú fírísà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, nígbà tó dá a padà, ó tàn! Agboolé mẹ́tàlélógójì yọjú lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni orí rẹ̀ pé, kò ha ní dà á sórí nǹkan mìíràn kíákíá? Tíṣà ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ nípa ara rẹ̀. Ojú ìwé méje. Ó dé ẹ̀kẹta, háàdì dá a dúró, ìró rẹ̀ sì wá burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ó ránṣẹ́ pe Dípẹ̀, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní òdìkejì ilé rẹ̀. Dípẹ̀ ní irin tó bá ń dún, epo ló ń bèèrè. Tíṣà ní kó má fi epo ẹ́ńjìnnì sí i, kó má baà kó èérí bá oríkì. Àwọn ọlọ́gbọ́n méjèèjì bá tú u, wọ́n ro àdín sí i, àdín tí a fi ń pa ọmọ tó ní gìrì lára. Wọ́n dè é padà. Háàdì dákẹ́ rọ́rọ́. Tíṣà dúpẹ́, ó ní ara rẹ̀ ti yá.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ rárá ni ó tó rántí Mosúnmọ́lá, ó sì gbé e lọ bá a. Ìyẹn ṣí háàdì, àdín ṣàn sórí tábìlì, òórùn ṣàwá gba ṣọ́ọ̀bù. Ó bèèrè ẹ̀dà rẹ̀. Tíṣà ní òun kò fẹ́ kí olè rí i.

“Olè ò rí i, Bàbá. Ẹ̀yin náà ò sì ní rí i mọ́. Nígbà tí mo ní kí ẹ gbé e wá, àìsàn ni. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.”

Tíṣà sunkún. Ó dùn ún dénú egungun, nítorí ohùn òkú ló wà níbẹ̀, òkú kì í sì í tún un sọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ìwé ìkọ̀wé, ó gba ilé Màmá Àṣàbí lọ. Màmá fi ẹ̀pà sẹ́nu, ó la ohùn, oríkì Ilé Ẹlẹ́kọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ìlà kẹrin kò tíì parí tí ó fi wúkọ́. Kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Bírò já bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Ọmọ màmá ti ń gbé ìgò àdín bọ̀ láti fi pa á láyà. Tíṣà já a gbà, ó jù ú sígbó, ó gbé màmá pọ̀n, ó di ọsibítù. Màmá ń lù ú lẹ́yìn, ó ń pariwo pé ẹ̀pà ló há òun lọ́fun, pé kó sọ òun kalẹ̀. Ta ló ń gbọ́? Ẹ̀pà ti já wálẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì wo màmá títí, kò rí nǹkan kan, ó wá bi Tíṣà pé kí ló gbé e wá ṣe nígbà tí nǹkan kan kò tíì ṣe é.

Tíṣà nu òógùn ojú, ó ní, “Ẹ tètè wò ó bẹ́ẹ̀. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.”