Ojúlówó Ọmọ Skọ́tílándì ti Inverdrummie

Ẹ bá mi kí Ranulf Strathcarron: ọkọ ìkùukùu, baba àgbọ̀nrín, a-wọ-yẹ̀rì-rìn-nínú-yìnyín! Bí òtútù bá ń gé wa létí ní Inverdrummie, tí àwa ọkùnrin yòókù wọ ṣòkòtò méjì lé ara wọn, yẹ̀rì oníṣẹ́po ni Ranulf máa wọ̀ lọ ra búrẹ́dì. Ó ní aṣọ baba ńlá òun ni. Ó pe ara rẹ̀ ní Ojúlówó Ọmọ Skọ́tílándì. Àwa ń pè é ní Ojú-ayé lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtàn kéékèèké ló ń kọ. Ìkùukùu á bo òkè, arúgbó kan á mu wisikí, á sunkún nítorí ilẹ̀ baba rẹ̀, á sì kú. Bí kò bá kú lójú ewé kẹta, ẹ ṣí ìkẹrin.

Nígbà tí ilé ìkàwé fẹ́ kó ìtàn àwọn òǹkọ̀wé ìlú wa jọ sínú ìwé kan, Ranulf ni wọ́n fi ṣe olóòtú. Shabnam Mirza, olùkọ́ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, kọ ìtàn opó kan tí ẹyẹ òkun ń já ẹja díndín gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ranulf yọ ọ́ dànù.

"Kí ló ṣe ìtàn mi, sà?" Shabnam bi í lójú Ishbel Geddes, ọ̀gá ilé ìkàwé.

"Ó dùn, àmọ́ kò lẹ́jẹ̀ Skọ́tílándì. Níbo ni wọ́n sin bàbá bàbá rẹ sí?"

"Lahore, lókè òkun."

"O ò rí i?"

"Ranulf, ìlú yìí ni wọ́n bí ọmọ yìí sí," ni Ishbel wí.

"Eṣinṣin tó kú sínú ọbẹ̀, ṣé ẹran ló dà?"

Shabnam mú fìlà òtútù rẹ̀, ó jáde, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀.

Ìyẹn kò tó Ranulf. Ó ní lọ́jọ́ ìkójáde ìwé, kí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan tó kàwé, á kọ́kọ́ ka ìran baba ńlá rẹ̀ fáráyé gbọ́. Ó pe àwọn oníròyìn, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò ọ̀hún rìn jìnnà ju bó ṣe rò lọ.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún, fèrè alápò ń ké. Ranulf gun orí ìtàgé.

"Èmi Ranulf, ọmọ Strathcarron! Egungun bàbá bàbá mi ń bẹ lábẹ́ òkè wa yìí!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú agbòòrùn tó ń ro omi.

"Nigel! Nigel ọmọ mi!"

Ranulf di ojú.

"Ẹ má bínú o, bọ́ọ̀sì ló pẹ́. Mo rí fọ́tò ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, mo ní mi ò ní ṣaláì wá. Nigel, yẹ̀rì nínú òtútù yìí? Ikọ́ ẹ ńkọ́?"

"Mà," ni Ishbel wí, "Ọ̀gbẹ́ni Strathcarron lẹ̀ ń wò yẹn."

"Strath kí ni? Potts ni bàbá ẹ̀! Croydon ni mo bí i sí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá bàbá ẹ̀ wà ní itẹ́ òkú ẹ̀yìn ilé-epo. Kò dé ọ̀dọ̀ yín rí, ó ní òtútù ibẹ̀ pọ̀ jù."

Afọnfèrè bú sẹ́rìn-ín, àpò fèrè rẹ̀ ké bí ewúrẹ́. Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ọmọ Òkè, ẹ káàbọ̀ láti Croydon o!"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..." ni Ojúlówó wí. Mọ́mì yẹn ló parí ẹ̀.

Shabnam dìde. A rò pé yóò gbẹ̀san.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Croydon kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìlú yìí ì bá gba Ọ̀gbẹ́ni Potts tayọ̀tayọ̀, ká ní wọn ò dúró sẹ́nu ọ̀nà máa lé àwa yòókù."

Ishbel ní kó ka ìtàn rẹ̀. Ó kà á. A rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí opó náà bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹyẹ náà, nítorí pé ilé rẹ̀ dá páropáro.

Màmá Potts nu ojú, ó fọwọ́ lu àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Nigel, sọ̀ kalẹ̀ wá gbọ́ ìtàn!"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó ń fa imú. Ìyá na áńkáṣíìfù sí i.

"Fun ikun ẹ."

Ó fun ún. Ará ẹ̀yìn pàápàá gbọ́.