Kòtò Táyà Nínú Igbó Ọba

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo bá tilẹ̀ darúgbó débi tí mi ò ní mọ orúkọ ọmọ mi mọ́. Lọ́jọ́ náà, ìlú ń sunkún mi lójú títì, èmi sì wà láàyè, mo dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ń bẹ ara mi pé kí n má mí sókè.

Àríyànjiyàn ló bí i. Ọ̀nà tóóró kan wà nínú igbó ọba tó wà lẹ́yìn Ayete. Àwọn ọlọ́kadà ń gbà á lọ sóko, àwọn ọ̀dọ́ sì ń sáré ìje níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó ní táyà ti gbẹ́ ilẹ̀ débi pé ẹrẹ̀ ń ṣàn wọ odò, ẹran ìgbẹ́ sì ti sá lọ. Ni wọ́n bá fi àálè dí ọ̀nà, màrìwò àti àgékù táyà tí wọ́n so mọ́ okùn. Ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá, ọ̀kadà kò gbọdọ̀ kọjá. Èyí tí ọwọ́ bá tẹ̀, wọ́n á gbà á. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá. Wọ́n ní ìjọba ló ni igbó, gbogbo wa la sì ni ìjọba.

Nígbà tí ìlú pe ìpàdé lórí rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ní kí èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi kì í sábà sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ǹ bá má yíwà padà lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Ta ló fojú rí i pé táyà ló ṣe é? Ó lè jẹ́ òjò. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yin ọdẹ fúnra yín."

Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Bàbá Ràṣídì, olórí ọdẹ, wò mí títí. "Ọmọ mi, a ó tún pàdé lọ́jọ́ Ẹtì. Fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó, kí o wá sọ ohun tí o rí."

Mo ro bí ó ti jìnnà tó, mo sì tọ Bọ̀dá Kẹ́hìndé lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń fi ọ̀kadà bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Nígbà tí a dé ìdí àálè, ó tẹ bíréèkì.

"Alákọ̀wé, bí wọ́n bá gba ọ̀kadà yìí, kí ni kí àwọn ọmọ mi máa jẹ? Sátífíkéètì ẹ?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀dá. Ìwádìí la wá ṣe. Òfin kì í mú olùwádìí."

Mi ò mọ òfin kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé okùn sókè, a tẹrí ba, a kọjá.

Inú igbó ṣú. Kò sí ẹyẹ kan tó ké. Ìtàn àwọn ajínigbé tí mo ti gbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí mi lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí igi gbígbẹ kan ṣe dá nínú igbó báyìí, Bọ̀dá fún ọ̀kadà níná, táyà iwájú já sínú kòtò, àwa méjèèjì sì fò lọ bí ẹ̀wà tó ta jáde nínú èèpo. Ọ̀kadà dùbúlẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké. Bàtà mi kan ti wọ ẹrẹ̀ lọ.

A gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

"Wọ́n ti dé," Bọ̀dá sọ wúyẹ́wúyẹ́. A fi ọ̀kadà sílẹ̀, a rákò lọ nínú kòtò, a dùbúlẹ̀. Ẹnìkan pa ẹ́ńjìnnì. Igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan ké: "Kẹ́hìndé! Kẹ́hìndé o!"

Gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa ló mọ̀ pé bí a kò bá rí ẹni tó ń pe èèyàn nínú igbó, a kì í dáhùn. Bọ̀dá fọwọ́ bò mí lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n ń pè. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ajínigbé, báwo ló ṣe mọ orúkọ? Bó bá jẹ́ iwin, kò nílò kó mọ ẹnikẹ́ni. Ní Ìbàràpá wa yìí tí ìbejì pọ̀ sí, iwin tó bá kàn ké "Kẹ́hìndé" yóò rí ẹni dá a lóhùn. Pé wọ́n kọ orúkọ Bọ̀dá sí ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ gàdàgbà, orí mi kò gbé e dé ibẹ̀.

Ohùn náà sáré lọ. A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò mi. Igbe tí mo ké ló parí ìfarapamọ́ wa. Ẹsẹ̀ la fi sá délé, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ràṣídì ti ní kí n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èrò ti kún ojú títì níwájú ilé wa. Ìyá Bọ̀dá ń yí nílẹ̀, àwọn ọdẹ ti gbé ìbọn. Bàbá Ràṣídì ló bá ọ̀kadà tó ń ké láìsí èèyàn lórí rẹ̀, ó sì sáré wálé pé wọ́n ti jí wa gbé. Nígbà tó rí wa, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo pè yín títí! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dáhùn?"

"Bàbá, ẹ̀rù yín ló bà wá."

"Ẹ̀rù tèmi? Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó sì gbá mi létí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọdẹ ru ọ̀kadà jáde nínú igbó, wọ́n sì gbé e lọ sí àgbàlá olórí ọdẹ. Bọ̀dá tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá náà. Ẹ̀rù tí mo rí lójú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó bà wá nínú igbó. Èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọ̀dọ́ ti ń dúró de àlàyé mi. Bàbá Ràṣídì bi mí pé kí ni mo rí.

"Táyà ni, bàbá. Ó gé gbòǹgbò igi lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹsẹ̀ kì í gé gbòǹgbò. Mo rí i, mo sì sùn nínú rẹ̀."

"Ọ̀dàlẹ̀!" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. Mi ò tíì parí. Mo bẹ̀ wọ́n pé èmi ni mo mú Bọ̀dá wọ ibẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí n dí kòtò náà, kí wọ́n sì dá ọ̀kadà padà fún un. Àwọn àgbà fikùn lukùn. Wọ́n ní ọjọ́ tí kòtò bá kún ni ọ̀kadà yóò jáde.

Mo gbé ọkọ́. Bọ̀dá bá mi lọ, nítorí kò fọkàn tán iṣẹ́ ọwọ́ mi. "Alákọ̀wé, ṣé o ń dí i ni, àbí o ń gbẹ́ ẹ sí i?" A dí i títí ó fi kún, ọ̀kadà sì padà sójú títì, níbi tó yẹ kó máa rìn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò gùn: kí n tó fi ẹnu mi gbèjà ẹnikẹ́ni, kí n kọ́kọ́ ro ẹni tí yóò pàdánù oúnjẹ rẹ̀ bí mo bá ṣì í sọ. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Bọ̀dá kò jẹun yó lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀rín mi kì í sì í gùn ju ibẹ̀ lọ.