Ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kọ

Ọjọ́rú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbó tí mo tọ́ láyé. Ìyàwó mi ní kí n yéé sọ ọ̀rọ̀ náà kiri, pé àṣírí tó bò kì í ṣe ohun tí à ń tú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú Kàbà ló kúkú ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bíi mẹ́fà ní agbègbè wa pinnu pé àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún yóò jọ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Ọ́bújẹ́tíìfù ni, ìyẹn ìbéèrè tí wọ́n máa ń to ìdáhùn mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, kí ọmọ fi pẹ́ńsùlù yí ọ̀kan tó tọ̀nà ká. Tíṣà kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè wá, wọ́n wá ní kí èmi yẹ̀ wọ́n wò, kí n ṣa ogójì tó dára jù lọ. Ìdí tí wọ́n fi mú mi ni pé mo ti lọ ṣe kọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí ìdánwò ní Lọ́kọ́ja. Ọjọ́ mẹ́ta péré o! Ọ̀kan nínú ọjọ́ mẹ́ta náà, orúkọ la kàn fi sílẹ̀, ìrẹsì la sì jẹ. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ ìyẹn fún mi nígbà náà?

Mo ra báírò pupa méjì. Mo gbé àga sí abẹ́ igi káṣú níwájú ilé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìbéèrè àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́ bí ẹni ń roko. Èyí kúrú jù. Èyí rọrùn jù. Èyí, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi náà yóò gbà á. Ìbéèrè kan wà tí Àǹtí Ráfíà, tíṣà kékeré kan láti Ìyàrá, kọ wá. Ó béèrè ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbin iṣu, ó sì fi àmì sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ké sí ìyàwó mi pé, "Wá wo ohun tí tíṣà kọ o! Ta ló ń gbin nǹkan lẹ́ẹ̀rùn? Ṣé ìtọ́ ni wọ́n fẹ́ máa tu sí i?" Mo pa ẹ̀ẹ̀rùn rẹ́, mo fi àmì sí òjò. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ akọ̀wé ìjọba ni mí, inú ilé ìjọba ni mo ti dàgbà. Ọkọ́ kan ṣoṣo tó wà nílé wa nígbà náà, ejò ni bàbá mi fi ń pa.

Nígbà tí mo parí, ìbéèrè àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ṣẹ́kù kò ju márùn-ún lọ. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìyókù. Nítorí kí òbí kankan má baà wá bá mi jà, mo rí i dájú pé ìdáhùn tó tọ̀nà kún dáadáa, ó ní orí, ó ní ìdí, ó ní ìrù. Àwọn mẹ́ta tí kò tọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan tàbí ọ̀rọ̀ méjì, ó tó wọn. Mo béèrè orúkọ ibi tí ọkọ̀ òkun ńlá ń dúró sí, èyí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jẹ́ ìdáhùn rẹ̀. Mo béèrè ohun funfun tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run nílùú òyìnbó. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ọmọ agbègbè wa kò rí rí ló pọ̀ nínú wọn. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, inú mi dùn sí ara mi.

Nígbà tí èsì dé, orí gbogbo wa dàrú. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ Débọ́rà. Òun ló máa ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì fún ìjọ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn rẹ̀ á máa dún bí agogo. Mẹ́rìnlá ló gbà nínú ogójì. Àwọn méjì kan tí kò lè ka orúkọ ara wọn lára ògiri sì gbà ju ogún lọ. Ó yẹ kí ìyẹn fu mí lára. Kò fu mí. Mo dúró níwájú gbogbo ọmọ láàárọ̀, mo ní àwọn ọmọ ìwòyí ò kàwé mọ́, fóònù ti jẹ ọpọlọ wọn tán. Débọ́rà tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá rẹ̀ gan-an ò ní fóònù tó ju èyí tí wọ́n fi ń pe ènìyàn lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá rẹ̀ gun máṣìn wá bá mi, ọkọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn tó dè é mọ́ ìjókòó. Àgbẹ̀ ni, oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìyá-Gbẹ̀dẹ̀.

"Okun o, Tíṣà," ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa ní Kàbà.

"Okun o, Bàbá Débọ́rà."

"Tíṣà, òtítọ́ ni mo wá gbọ́. Bí ìwé bá wọ ọmọ yìí lórí, màá forí ṣe fọrùn ṣe, á lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Bí kò bá sì wọ̀ ọ́, àbúrò mi obìnrin ní Àbújá ti ní kí n fi í ránṣẹ́, kó wá máa bá òun gbọ́mọ. Sátidé yìí ló fẹ́ kó wá. Kí lẹ rí sí i?"

Mo tún táì mi ṣe. Mo fi ohùn dókítà tó fẹ́ túfọ̀ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Gẹ̀ẹ́sì ò wọ̀ ọ́ ni."

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ bá mi ka ọ̀kan nínú àwọn tó ṣì, kẹ́ ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi."

Nínú gbogbo ìbéèrè mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ọmọ náà ṣì, ti iṣu ni ọwọ́ mi lọ bà. Mo kà á, mo túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ni Débọ́rà wá mú?"

"Ẹ̀ẹ̀rùn."

"Kí lẹ̀yin wá ní ó jẹ́?"

"Òjò."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta ni yín ní Kàbà yìí?" Ó tún ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ yìí ló ń bá mi fi koríko bo orí ebè kí oòrùn má baà jó iṣu tí a gbìn. Ẹ ní ó ṣì í?"

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹyọ kan péré nìyẹn." Ó gun máṣìn rẹ̀, kò kí mi pé ó dàbọ̀. Ilé hẹdimásítà wa ló gbà lọ.

Bí wọ́n ṣe pe ìpàdé ní Ọjọ́rú nìyẹn. Gbogbo tíṣà tó kópa wá sí kíláàsì mi, wọ́n sì bẹ màmá kan pé kó wá jókòó lé e lórí. Ọmọ ìlú Ẹ̀gbẹ̀ ni Màmá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló kọ́ tíṣà tó kọ́ mi. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kí tíṣà kọ̀ọ̀kan yọ ìwé àwọn ọmọ tí òun mọ̀ pé wọ́n lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sí apá kan, kí ó yọ ti àwọn tí kò tíì lè kà á sí apá kejì. Ó wá ń mú ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka iye àwọn tó gbà á níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

"Ìbéèrè tó dára," ó ní, "àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ló yẹ kó gbà á jù. Bó bá ti dorí kodò, ẹ má tíì bi ọmọ. Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi."

Èyí dorí kodò. Ìyẹn náà dorí kodò. Ti ọkọ̀ òkun, kò sí ẹni tó gbà á níhà méjèèjì, àfi ọmọ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Wàrì. Ẹnu mi kò sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́, mo dìde.

"Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gba ogún nínú ìdánwò yìí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba ogún, èmi ni n óò máa gbá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko."

Ní àkókò náà gan-an ni Bàbá Sálíù, mẹ́gàádì tó ń ṣọ́ ọgbà wa, gbé omi wá fún àwọn àlejò. Màmá wò ó. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Màmá, n ò mọ ìyàtọ̀ láàárín A àti ẹsẹ̀ adìyẹ."

Wọ́n fà á wọlé. Wọ́n gbé àga mi fún un, wọ́n fún un ní pẹ́ńsùlù, wọ́n ní kó máa yí ohun tó bá wù ú ká lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bàbá rọra ń wo ìwé náà bí ẹni ń wo ẹran tó fẹ́ rà. Kò pẹ́ rárá tó fi parí. Àǹtí Ráfíà ló máàkì í. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Mélòó?" ni mo béèrè.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n, sà."

Mo ní kí n rọra jókòó, mo sì ti gbàgbé pé Bàbá ṣì wà lórí àga mi. Orí ilẹ̀ ni mo jókòó sí, gbì! Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ń kígbe pé, "Wọ́n ti fi ìdáhùn hàn án tẹ́lẹ̀!"

Bàbá Sálíù dìde, ó fà mí sókè, ó ń gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò mi. "Tíṣà, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan hàn mí. Mo kàn rí i pé lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà, ìlà kan gùn ju àwọn yòókù lọ. Mo ní ibi tí ènìyàn bá dúró pẹ́ sí, ibẹ̀ ni ohun tó ń wá wà. Ibi tẹ́ ẹ dúró pẹ́ sí ni mo ń yí ká."

Ẹ̀rín náà dúró lójijì. Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó. Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ tí kò lè kàwé ti ń wo gígùn ìlà, nígbà tí Débọ́rà ń jókòó ka ọ̀rọ̀, tó ń rò ó, tó sì ń mú ohun tó mọ̀ pé ó jẹ́ òtítọ́.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Màmá ní kí n dúró. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, nígbà tí mo wà lọ́mọdé bíi tìrẹ nínú iṣẹ́, mo dá ọmọkùnrin kan dúró nínú kíláàsì nítorí ìdánwò tí mo kọ. Kò padà wá sílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ìgbà tó yá ni mo tún ìbéèrè yẹn kà, tí mo rí i pé ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Títí dòní ni mo fi ń rántí orúkọ rẹ̀." Ó gbé báàgì rẹ̀. "Ìwọ ṣì rí tìrẹ bá. Lọ bá bàbá ọmọ náà."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ sí oko wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè pẹ̀lú táì lọ́rùn, mo ní èmi ni mo kùnà, kì í ṣe Débọ́rà, kó jọ̀ọ́, kó má rán an lọ.

"Tíṣà," ó ní, "lọ́jọ́ Ajé ẹ ní kò wọ̀ ọ́. Lónìí ẹ ní ó wọ̀ ọ́. Èwo ni kí n gbà?" Ó na ọkọ́ sí mi. "Ẹ kọ́kọ́ kọ ebè kan fún mi ná."

Mo kọ ebè. Mo gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi díẹ̀. Nígbà tí mo parí, nǹkan tí mo kọ jọ ibi tí adìyẹ ti tú ilẹ̀. Bàbá Débọ́rà yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i po, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. "Ó dáa," ó ní, "ẹni tó lè ṣe èyí lójú mi, kò lè máa purọ́. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, àwọn ọmọ á máa kọjá, wọ́n á máa ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Sálíù jókòó sẹ́nu géètì, ó ń tọ́ka pé, "Tíṣà, ewé kù lápá ibẹ̀ yẹn." Bí mo bá sì ti gbálẹ̀ tán, èmi àti Àǹtí Ráfíà á jókòó ti ìdánwò tuntun. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lóhùn pé, "Kò burú, sà, ṣùgbọ́n báírò pupa yẹn, ẹ gbé e wá." Ọwọ́ rẹ̀ ló wà títí a fi parí. A jẹ́ kí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn bákan náà. A mú ohun tí ọmọ wa ń rí lójoojúmọ́. A kọ́kọ́ fún ọmọ díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ṣe, a sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi mú èyí tí wọ́n mú. Ẹnu wọn la ti gbọ́ ohun tí kọ́ọ̀sì Lọ́kọ́ja kò sọ fún mi.

Débọ́rà gba mẹ́rìndínlógójì. Kò lọ sí Àbújá; sẹ́kọ́ńdìrì ló wà báyìí. Àwọn méjì tí wọ́n gbà ju ogún lọ tẹ́lẹ̀ gba mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án, wọ́n sì sunkún. Ẹkún wọn ló dùn mí jù, nítorí máàkì irọ́ tí mo fún wọn ti fẹ́ bo ìyà tó ń jẹ wọ́n mọ́lẹ̀. Mo ń dúró tì wọ́n lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, à ń ka A, à ń ka B, títí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Bí mo bá fún ọmọ ní ìdánwò, èmi náà wà nínú ìdánwò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ ogún ìbéèrè tuntun, mo fi gbogbo ọgbọ́n orí mi yẹ̀ wọ́n wò, mo sì fún kíláàsì mi ṣe. A kò tíì lo ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọmọbìnrin kékeré kan fi nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ní nọ́ńbà kẹsàn-án, ìdáhùn méjì ló tọ̀nà." Mo wò ó. Méjì ni lóòótọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò ní ibi tí yóò sá sí, mo sì ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.