Ọjọ́ Tí Mo Fi Ọ́ìlì Dúdú Pa Fẹ́ǹsì

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ní àsáláátù wa, Alfa kìlọ̀ fún àwa ìyá pé kí a ṣọ́ fóònù àwọn ọmọ wa. Ó ní, "Ẹni tó ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n." Gbogbo obìnrin ń mi orí. Èmi nìkan ni mo fi ìbòrí bo ẹnu, nítorí ẹ̀rín ń pa mí. Ìkìlọ̀ náà tọ́. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, Jímọ̀ tí mo ṣọ́ fóònù dé orí fẹ́ǹsì.

Sípì àti òwú ìránṣọ ni mo ń tà ní Deco Road, ní Warri. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi. Ohun tí mi ò bá wọ̀n, ọkàn mi kì í balẹ̀ sí i. Ẹ̀yìn Jakpa Road ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi tó ń fi tírélà kó ẹrù láti èbúté, àti Kúdírá, ọmọ wa kan ṣoṣo, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà. Kúdírá gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi fèsì. Bí mo bá ní, "Kúdírá, wá jẹun," á ní, "Mama, I dey come." Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a jà, mo gbàdúrà sí i. Pijin ṣì ni.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, orí ń fọ́ mi, mo sì tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe wọlé, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú yàrá. Yorùbá ni! Yorùbá tó jinlẹ̀, tó tún ń sunkún: "Ẹ má fòyà, olówó orí mi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, màá fo ògiri jáde. Ẹ ṣáà dúró dè mí."

Àdúrà mi ọjọ́ pípẹ́ gbà lójú ẹsẹ̀. Ta ni ọmọ mi lè máa bá sọ Yorùbá ní Warri? Kì í ṣe ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọkùnrin ni, àgbàlagbà sì ni, nítorí "ẹ" ló ń pè é. Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó pé bí mo bá bi í, á mọ̀ pé mo ti mọ̀, á sì sá lọ ní Ọjọ́bọ̀ dípò Jímọ̀.

Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi téèpù wọn fẹ́ǹsì. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì mẹ́sàn-án. Kúdírá á fò ó. Mo lọ bá mẹkáníìkì ìkòríta, mo gba ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú, mo sì fi pa orí fẹ́ǹsì náà láti igun dé igun. Mama Ese, aládùúgbò wa, ń wò mí.

"Mama Kudi, wetin you dey rub?"

"Na lizard I dey pursue."

"Lizard!" Ó pàtẹ́wọ́. "Which kain lizard need one gallon?"

Jímọ̀ dé. Mo purọ́ pé mò ń lọ sọ́jà, mo wá lọ lúgọ sí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín fẹ́ǹsì wa àti ilé Mama Ese. Mo mú ọmọ odó dání de ọkọ ìyàwó. Ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo gbọ́ ohùn Kúdírá: "Mo ti dé orí ògiri, olówó orí mi! Ẹ na ọwọ́ yín!"

Mo wòkè. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí ògiri. Mo dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé, mo gùn ún láti yọjú wo inú ọgbà. Àyà mi ti kọjá orí fẹ́ǹsì nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì fọ́. Mo di fẹ́ǹsì mú, ọ́ìlì ní rárá. Bí mo ṣe ń yọ̀ bọ̀, irin kan tó yọ lára fẹ́ǹsì, tí mi ò wọ̀n, kọ́ mi ní ìró, mo sì ń fì níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo figbe ta.

Mama Ese ló kọ́kọ́ dé. "Mama Kudi! You don catch the lizard?"

Kúdírá sáré jáde, fóònù lọ́wọ́, ohùn kan sì ń pariwo nínú rẹ̀: "Kúdírá! Ṣé ó ti fò ó? Ọmọ yìí, má fi mí sílẹ̀ sórí ògiri o!"

Ohùn tó ń jí mi kírun láti kékeré ni. Ìyá mi ni, láti Ṣakí.

Kúdírá tẹjú mọ́ mi. "Màmá àgbà, kò tíì fò ó," ló wí. "Màmá mi ló wà lórí fẹ́ǹsì."

"Kí ni ìyá ẹ ń wá nínú eré yìí?"

Ìgbà tí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ tán ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Nígbà tí ìyá mi jẹ́ ìyàwó, tí bàbá mi ń rìnrìn àjò, rédíò ló ń bá a dáná. Nígbà tó ń tọ́ wa, bí eré orí rédíò bá ti parí la máa ń sùn. Nígbà tí bàbá mi kú, rédíò nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Lọ́dún tí mo fi ọ́ìlì pa fẹ́ǹsì yìí, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré ń sáré kọjá rẹ̀. Ohùn ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀ sí i létí nìkan ló ń yé e. Kò sọ fún mi, kí n má baà dààmú. Kúdírá ló sọ fún. Ọmọ náà á gbọ́ eré lórí fóònù, á kọ ọ́ sínú ìwé, á wá ṣe é fún un ní Ọjọ́rú àti Jímọ̀, ti bàbá òǹrorò, ti ìyàwó tó fẹ́ fo ògiri, ti olówó orí rẹ̀, òun nìkan.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"You for laugh me."

Kò purọ́. Ní Iléyá kan ní Ṣakí, ó fẹ́ sọ pé ọkọ̀ ti dé, kí a máa lọ, ó bá ní, "Màmá, ọkọ ti dé." Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín, tèmi ló sì ga jù. Láti ọjọ́ náà ló ti pa Yorùbá tì lójú mi. Èmi tí mò ń wọn gbogbo nǹkan, mi ò wọn ẹ̀rín yẹn.

Ní báyìí, mo máa ń wà nílé ní agogo márùn-ún ọjọ́ Jímọ̀. Èmi ni mò ń ṣe bàbá òǹrorò inú eré. Ìyá mi ní igbe tí mo ta lórí fẹ́ǹsì ló fi mí sípò. Kúdírá ló ń darí wa: "Màmá, ẹ má sáré. Màmá àgbà ò gbọ́ o." Yorùbá ló fi ń sọ ọ́. Àbàwọ́n ọ́ìlì ṣì wà lára fẹ́ǹsì, òótọ́ sì ni, aláǹgbá kò gùn ún mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ ọmọ yín. Alfa kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Tó bá sì jẹ́ pé èdè wa ló ń ṣì sọ níbẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rín mì, kí ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.