Ọ̀gá Afínjú àti Òwú Ọrùn Ẹ̀wù

Ẹni tí kò bá tíì rí Ọ̀gá Afínjú, kó má sọ pé òun ti rí ẹni tó mọ aṣọ wọ̀. Afínjú tí kì í ra aṣọ! Alágbàfọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kan omi ọṣẹ! Kóòtù tó bá wọ̀ lónìí, ẹ kò ní í rí i lọ́rùn rẹ̀ lọ́la. Gbogbo àdúgbò ní olówó ni. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀ tó ń tún aṣọ rán ní igun ṣọ́ọ̀bù, ló mọ̀ pé inú ẹrù àwọn oníbàárà lọkọ òun ti ń mú un, tí yóò sì dá a padà kí aláṣọ tó dé.

Àwọn tó ń fọ aṣọ gan-an, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, àlejò tó ti òdìkejì ẹnubodè wá. Owó iṣẹ́ wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òógùn wọn ló ń ra ẹran sínú ìkòkò Ìyá Ìbejì, òun náà ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ìbejì.

Àfi bí ìjọba ṣe gbé òfin tuntun jáde: ẹni tó bá gba àlejò síṣẹ́ yóò máa san owó orí lé e, àlejò tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá san án, kó gba ilé lọ. Ìyá Ìbejì bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó san án, torí ohun tí àwọn èèyàn náà ń mú wọlé ju owó orí lọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ oníṣòwò àdúgbò fẹ́ yan alága, ó sì ti rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi gun àga náà.

"Owó tí mò ń san fún wọn á máa sùn sílé báyìí," ló wí. "Àwọn ọmọ onílẹ̀ á tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, èmi ni n ó wá máa ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ata."

"Bàbá Ìbejì, ọmọ onílẹ̀ wo? Aṣọ ara wọn gan-an, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kó o wá fọ̀."

Àwọn àlejò palẹ̀ mọ́, wọ́n lọ. Ó dun Ìyá Ìbejì dọ́kàn, pàápàá nítorí ẹ̀gbọ́n wọn, tó máa ń tọrọ àjákù òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ kan wá, ó béèrè owó tó ju ti àwọn tó lọ lápapọ̀. Èkejì ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, ó ní òun ń bọ̀, kò sì bọ̀ mọ́. Ó wá ku tọkọtaya nídìí ọpọ́n. Ẹran inú ìkòkò kọ́kọ́ kéré, lẹ́yìn náà ó di ìtàn.

Bí Ọ̀gá ṣe ń lọ aṣọ lọ́jọ́ kan, ó rí òwú pupa lọ́rùn ẹ̀wù kan. Ó wo òmíràn, ó rí òwú aláwọ̀ ewé. Ó ju ẹ̀wù sílẹ̀.

"Oògùn ni wọ́n fi sílẹ̀! Abájọ tí ọjà kò fi tà!"

Ìyá Ìbejì ní òwú ẹ̀rọ òun nìyẹn, kó jẹ́ káwọn rò ó wò ná. Ta ló gbọ́? Ọ̀gá mú sísọ́ọ̀sì, ó jókòó, ó ń gé, ó ń tutọ́ sápá kan, títí òwú kò fi ṣẹ́ kù lára aṣọ kankan. Ìgbà tó fẹ́ di ẹrù ni ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀wù funfun rèé, ẹ̀wù funfun rèé. Ta ló ni èwo? Àmì aláṣọ lòwú náà, àwọ̀ tìrẹ lọ́tọ̀, àwọ̀ tèmi lọ́tọ̀. Ìyá Ìbejì káwọ́ lérí. Ọ̀gá ní kò le, ó fi ojú wọ̀n ọ́n, ó sì pín in.

Lọ́jọ́ ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi yan alága, gbogbo àdúgbò ló pé. Ṣòkòtò ọ̀gá ilé-ìwé dúró sí agbedeméjì ojúgun. Oníbúrẹ́dì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀wù. Kálukú ń wo ara ẹnìkejì tìfura-tìfura. Ọ̀gá Afínjú wọlé nínú kóòtù búlúù, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "àwọn àjèjì ló ń jẹ wá run. Ẹni tó bá mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kó bọ́ ọ sílẹ̀, kó máa lọ!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alápákó dìde.

"Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, Ọ̀gá. Ẹ bọ́ kóòtù mi."

Ọ̀gá ní kóòtù jọ kóòtù. Alápákó ní ìṣó ya tòun lápá òsì, Ìyá Ìbejì ló sì bá òun rán an. Gbogbo ojú yí sí obìnrin náà. Ó lè purọ́ bo ọkọ rẹ̀. Ó sì wù ú. Ṣùgbọ́n ó rántí ìkòkò, ó rántí àwọn ìbejì tí wọ́n ti lé nílé-ìwé.

"Èmi ni mo rán an," ló wí.

Kóòtù bọ́. Oníbúrẹ́dì ní ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀ jọ tòun, ẹ̀wù bọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé na ìka sí ṣòkòtò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Ti Ọ̀gá Afínjú bá a mu rẹ́gí, síbẹ̀ ó bọ́. Ẹnì kan tún ń wo síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún un," ni Ìyá Ìbejì wí. "Èmi ni mo rà á."

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fún ọkọ rẹ̀ kó ró o délé.

"Bàbá Ìbejì, ẹ rántí dá a padà o."