Tíṣà Adéwùmí Fẹ́ Dá Dúró

Lọ́dún 1976, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí rédíò kéde pé ìjọba ti pín Benue-Plateau sí méjì, Tíṣà Adéwùmí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, já wọ Angwan Rogo, àdúgbò kan ní olú-ìlú Plateau, láàárọ̀. Ó bá Bàbá Jùmọ̀kẹ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta fìtílà níwájú ilé rẹ̀, tó ń fi àkàrà ojú títì mu kòkó, ìyẹn ògì gbígbóná, bí ẹni ń lo oògùn.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Oúnjẹ ìta lẹ̀ ń jẹ?"

"Ọ̀rọ̀ ilé ni, Tíṣà. Fi sílẹ̀."

"Bàbá, mo wá sọ fún yín pé àwa ará Oǹdó ń kúrò nínú Ẹgbẹ́ Yorùbá."

Àkàrà há Bàbá lọ́fun. "Haba! Kí la ṣe?"

"Ìtàn ni, sà! Kí òmìnira tó dé ni àwọn ará ibí ti ń pariwo pé àwọn kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Kàdúná, olú-ìlú Àríwá. Ìjọba fún wọn ní Benue-Plateau. Wọ́n tún ní Benue ò jẹ́ káwọn mí. Plateau ti wá dá dúró báyìí!"

"Benue ńkọ́? Kí ló ṣe?"

"Kò mọ̀, sà. Ó ṣáà jí láàárọ̀, wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ó mà ṣe o," Bàbá mí kanlẹ̀.

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pín ilẹ̀ tiwa. Ẹ̀yin gba Ọ̀yọ́, àwa gba Oǹdó. Ẹ̀yin lẹ ti ń ṣe alága Ẹgbẹ́ láti ayé òyìnbó. Ó tó gẹ́ẹ́!"

Inú Tíṣà ń dùn ṣìnkìn. Àtàná ló ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí dánra wò níwájú dígí.

"Ìwọ àti Bámgbóṣé nìyẹn?"

"Ará Ọ̀wọ̀? Rárá o! Èkìtì máa gba tirẹ̀."

"Ìwọ àti Olúdayọ̀, nígbà náà."

"Ará Adó! Ìkẹ́rẹ́ kì í tọ Adó lẹ́yìn."

"To, ó dáa. Ó ku ìwọ nìkan."

"Ó kéré, ṣùgbọ́n tèmi ni!"

Bàbá nu ẹnu. "Ta ni yóò wá bá ọ lọ tọrọ Lydia ní Sátidé?"

Lydia ni àfẹ́sọ́nà Tíṣà. Àwọn àgbà ilé Lydia, Berom ọmọ onílẹ̀ ní Rayfield, ti là á mọ́lẹ̀ pé àwọn kì í fọmọ fún ẹni tí kò ní ẹbí. Òbí Tíṣà ti kú. Bàbá Jùmọ̀kẹ́ ni yóò ṣe bàbá ọkọ, ìyàwó rẹ̀ ni yóò ṣe ìyá, Ẹgbẹ́ Yorùbá ni yóò ru iṣu. Tíṣà sì fẹ́ràn Lydia ju ìtàn lọ.

"Bàbá, ẹ̀yin náà..."

"Dá lọ. Dá dọ̀bálẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè ìyá ọkọ, wé gèlè."

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín fìtílà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti padà! Ọmọ ìyá ni gbogbo wa!"

"Madalla! O káre. Dìde. Èmi máa lọ. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ni kí o lọ bẹ̀."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

Bàbá wo ilẹ̀kùn yàrá ìyàwó rẹ̀ tó tì gbọin-gbọin, ó wo kòkó tó ti tútù níwájú rẹ̀.

"Ó ti di Plateau láti àná, Tíṣà. Èmi ni Benue."