Imú Tó Bá Aṣọ Lọ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jọ̀ọ́ kó tán. Sìmẹ́ǹtì ni mo fi ń mọ ère, irú èyí tí wọ́n ń gbé sídìí ibojì àwọn àgbà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá títì n'Ìkẹ́rẹ́, òkè Olósùnta ni mò ń wò bí mo bá jókòó, mo sì máa ń jókòó dáadáa. Ọwọ́ mi dá ṣáṣá, n ò ní tìtorí ìrẹ̀lẹ̀ purọ́. Àrùn tó ń ṣe mí ni pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi bí ọjọ́ rẹ̀ bá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Ẹni tó bá bi mí, mo ní mò ń dúró de ìmísí.

Ọjọ́bọ̀ kan ni bàbá àgbàlagbà kan ti Ẹmùré wá bá mi. Àgbẹ̀ kòkó ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́ wọlé, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣú lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá. Ó fún mi ní fọ́tò ìyàwó náà kékeré kan, ó ní òun ò rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú inú fọ́tò kò ṣeé fọwọ́ wò.

"Ọmọ mi, mọ ojú rẹ̀ dáadáa fún mi. Ọwọ́ ni n ó máa fi wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ gbà á.

"Ọrún mẹ́rin sí òní, kí o gbé e wá ulé. Àwọn ọmọ mi á ti dé."

Ọrún, èmi alákọ̀wé. Mo mọ̀ pé ọjọ́ márùn-ún ló ń jẹ́ ọrún, mo bá sọ márùn-ún di ìlọ́po mẹ́rin, ó fún mi ní ogún ọjọ́ gbáko. Mo kọ ọ́ sára ògiri: Ọjọ́rú. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé èèyàn fẹ́ ṣí aṣọ lójú ère ní Ọjọ́rú, àmọ́ mo ní ará oko ni wọ́n, kí ló kàn wọ́n kan òpin ọ̀sẹ̀. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì mi, mò ń dúró de ìmísí.

Nígbà tó fi di òwúrọ̀ Ẹtì tó ku ọjọ́ márùn-ún lójú tèmi, mo ti mọ ère náà dé èjìká. Orí ò sí. Ọmọ Bàbá bá pè mí.

"Àtíìsì, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago mélòó lẹ máa gbé e dé lọ́la?"

"Lọ́la kẹ̀, Àǹtí? Ṣebí Ọjọ́rú ni."

Bàbá gba fóònù. Ó rọra kà á fún mi bí ẹni ń kà á fún ọmọ jẹ́léósinmi: "Ọjọ́bọ̀ tí a wá, a nájà. A ná an Mọ́ńdè, a ná an Ẹtì, a ná an Túsìdeè. Ọ̀la ni ẹ̀kẹrin."

Mo tún un kà lórí ìka mi. Ọjọ́ ọjà gan-an ni àwọn àgbà fi ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà, òun náà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré ni láti ọjà kan dé èkejì. Ìyá tó bí mi, ọjà ọlọ́rọọrún ló ná tó fi rán mi nílé ìwé. Kí n sọ pé, "Bàbá, ẹ dárí jì mí, mo ṣì í kà," ẹnu mi kọ̀. Ohun tó jáde ni pé, "Ó ti parí, Bàbá. Ọ̀dà ló kù."

Mo sáré po sìmẹ́ǹtì, mo mọ orí lọ́tọ̀ sórí irin. Ojú jọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ jọ. Imú ló ń wó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mọ ọ́n. Òjò tún ṣú, nǹkan kan ò fẹ́ gbẹ. Mo gbé orí náà lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò mi tó ń ṣe irun, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Obìnrin kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ kejì, ó ń tẹ fóònù rẹ̀. Ó yíjú, ó rí ẹni tó jókòó tì í, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tòun ti rólà lórí.

Onírun wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Eléyìí ò kúkú ní pariwo pé ó gbóná jù."

Mo ki irin orí náà bọ èjìká ère, imú kẹrin ni mo sì lẹ̀ mọ́ ọn ní àárọ̀ Àbámẹ́ta kí ọkọ̀ tó gbéra. Mo fi aṣọ funfun bò ó, mo so ó pinpin nítorí eruku. Nígbà tá a dé Ẹmùré, agboolé ti kún, pásítọ̀ ti gbàdúrà dé ìdajì. Mo bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí èmi ṣí aṣọ náà. Ó kọ̀, ó ní òun lòun ṣí ìbòjú aya òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ó fa aṣọ. Aṣọ ò fẹ́ wá. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá, ó sì mú imú dání.

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo rò pé Bàbá ṣe bí ẹwà ère ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, nítorí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan iwájú orí, ó fọwọ́ kan ojú, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó padà sí àárín. Ọwọ́ náà dúró.

"Umú aya mi dà?"

Ọmọ rẹ̀ gbọn aṣọ, imú já bọ́ sórí bàtà mi. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan lẹ́yìn, ni gbogbo èrò bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín lánàá. Kò tíì lórí nígbà tí ẹ pè mí."

"Kí ló dé tí o ò wí?" Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "À bá sún un sí ọrún mìíràn. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń dúró láti rí i. Ọrún kan ò ní pa mí."

Ká ní ó gbá mi létí ni, ojú ì bá tì mí níwọ̀n. Mo wà nílé rẹ̀ ní Ẹmùré títí ọjà tó kàn fi pé, mo tún orí náà mọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì jẹ́ kó gbẹ bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ẹni tó bá ń dúró de ìmísí, kó máa ka ọjọ́ bó ti ń dúró, pé bí iṣẹ́ bá sì máa pẹ́, kí ẹnu tètè sọ ọ́. Oníṣẹ́ tó pẹ́ ṣì ní àforíjì. Mi ò mọ èyí tí òpùrọ́ ní.

Nígbà tó yá, mo fa Bàbá lọ́wọ́ lọ síwájú ère. Ó fọwọ́ wò ó pẹ́, ó fi ìka méjì di imú náà mú, ó sì mì ín wò dáadáa kó tó gbà pé ó dúró.

"Ó jọ ọ́," ló wí. "Àfi pé ó dákẹ́ jù."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i pé omi ti kún un.